Ihò Atẹ́gùn Tí Mo Fi Ọ̀dà Dúdú Yà

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Èmi kì í ṣe ẹni tí í kọ lẹ́tà. Káfíńtà ni mí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ayùn ni mo mọ̀ ọ́n mú, bírò máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí.

Ohun kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọdún méjì. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. N kò sọ ọ́ fún wòlíì wa. Nítorí ohun náà ni wọ́n ṣe lé ọmọbìnrin kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n ní gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ló ń bàjẹ́. Èmi mọ ohun tó ń gbóná nínú ilé náà, nítorí èmi ni mo kàn án, èmi ni mo sì sé e pa.

Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí ohun tí mo gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ má tíì bú mi. Nígbà tí mo bá parí, ẹ lè wá bú mi bó ṣe wù yín. Mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò mọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láyé ìsinsìnyí, pálọ̀ tí kò bá ní rúùmù-difáídà, àfi bí ẹni pé onílé kò tíì kó dé tán. Igi gíga tó dábùú yàrá ni, tó pín pálọ̀ sí méjì, tẹlifíṣọ̀n nínú ojú kan, àwo dídán nínú ojú kejì, fọ́tò ìgbéyàwó lókè. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a láṣà ní àdúgbò wa pé kí n máa ṣe ààyè fún fíríìjì kékeré nínú rẹ̀. Mo máa ń ṣe ilẹ̀kùn sí i, ilẹ̀kùn náà á sì ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìyá onílé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí ẹran inú ọbẹ̀. Ẹ mọ bí ilé tí èrò pọ̀ sí ṣe máa ń rí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni ìyá àgbà kan tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Tíṣà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ló sì ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló dara pọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà tiwa. Ó wá síbi ìkórè wa ní Ọ̀yọ́, ó rí iṣẹ́ mi nílé alàgbà kan, ó ní òun náà fẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fíríìjì kékeré kan, funfun, tí kò ga kọjá ìbàdí mi.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, Sámúẹ́lì, ló ń bá a gbé. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni, òkè Ọya ló máa ń ná, ó lè lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sámúẹ́lì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni, ọmọ Ìrẹsà kan tó ń jẹ́ Mojísọ́lá. Ìyàwó náà kò tíì lo ọdún kan nínú ilé nígbà náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bó bá kí èèyàn, á kúnlẹ̀ dé ilẹ̀.

Ọjọ́ tí mo lọ wọn ààyè pálọ̀ náà, mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀. Làmídì lorúkọ rẹ̀, Làmídì Fíríìjì ni wọ́n ń pè é ní Takie, òun ló ń tún fíríìjì ṣe fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tó gbọ́ pé inú igi ni mo fẹ́ ki fíríìjì sí, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Káfíńtà, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ yìí ń mí. Gbogbo ooru tó bá gbà lára oúnjẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tú u sí. Ẹ fi ààyè ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ kan lókè, kí ẹ wá la ihò sí ẹ̀yìn igi yẹn, kí atẹ́gùn ríbi gbà. Tẹ́ ẹ bá ṣe é báyẹn, Màmá á lò ó fún ọdún mẹ́wàá, á tún fi lé ọmọ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá sé e mọ́, kò ní pé ọdún."

Mo ní, "Ó yé mi, ọ̀gá." Ó sì yé mi lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ fún yín pé n kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí igi náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Rúùmù-difáídà kì í fara ti ògiri. Àárín yàrá ló máa ń dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun, nítorí náà ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ rẹwà bí iwájú. Ohun tí mo pinnu ni pé kí n la ihò gbọọrọ-gbọọrọ mẹ́rìnlá sára pílíwúùdù ẹ̀yìn, kí n wá fi igi pẹlẹbẹ bo ojú wọn díẹ̀, bí ojú fèrèsé. Atẹ́gùn á máa kọjá, ẹni tó ń jẹun kò ní rí wáyà.

Màmá Tíṣà fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ tí yóò gbé igi náà ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń la ihò kẹta, pílíwúùdù náà ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ igi nínú yín yóò mọ bó ṣe ṣe mí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò Sáàpù dé, tí owó ọjà fò sókè, pílíwúùdù tó dára di ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ wá kiri. Bí èkejì bá tún ya, ọjọ́ ìdúpẹ́ yóò kọjá, ojú á tì mí.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èrò kan wá sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ mi. Mo fi odindi pílíwúùdù náà dé ẹ̀yìn igi, n kò la ihò kankan. Mo fi gúlù lẹ àwọn igi pẹlẹbẹ mọ́ ojú rẹ̀, mẹ́rìnlá gééré. Lẹ́yìn náà mo mú ọ̀dà dúdú, mo fi kun àárín wọn.

Nígbà tó gbẹ, mo sún sẹ́yìn, mo wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹwà ju ojúlówó lọ. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó búra pé ihò ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọgbọ́n kì í tán. Mo sọ fún ara mi pé kí ìdúpẹ́ kọjá ná, màá padà lọ la ihò gidi sí i.

Ààyè ọwọ́ kan tí Làmídì ní kí n fi sílẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì, mo fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí atẹ́gùn kò bá ti rọ́nà jáde, kí ni ààyè fẹ́ ṣe?

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, wọ́n fi mí ṣe bàbá. Wòlíì gbàdúrà lé ọwọ́ mi. Èèyàn mẹ́fà láti Ọ̀yọ́, tí wọ́n bá wa wá, ló ní kí n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Làmídì pàápàá wá kí Màmá, ó sì yí lọ sẹ́yìn igi láti wo iṣẹ́ mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó wo àwọn ihò dúdú náà, ó wá na ọwọ́ sí mi.

"Káfíńtà, ẹ ṣeun. Báyìí ló ṣe yẹ kó rí."

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ ni mo tàn jẹ, láì la ẹnu. N kò padà lọ la ihò kankan.

Fíríìjì àkọ́kọ́ lo oṣù méje.

Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ń kan. Omi kò tutù mọ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kùn láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sinmi rárá. Mojísọ́lá ló ń se ọbẹ̀, òun ló ń gbé e sínú fíríìjì, òun ló ń gbé e jáde. Bí ọbẹ̀ bá kan, òun ni wọ́n ń wò. Ní ọjọ́ kan ẹ́ńjìnì náà ta pá, ó dákẹ́. Làmídì dé, ó ní ó ti jóná. Ó béèrè bóyá wọ́n fi nǹkan dí ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá nawọ́ sí àwọn ihò mi. Làmídì wò wọ́n, ó mi orí. Ó ní, "Atẹ́gùn wà. Kò yé mi o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú inú wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé n kò ya ihò rárá, tí pílíwúùdù náà kàn wà gbalaja, Làmídì ìbá ti rí ohun tó ń pa fíríìjì lọ́jọ́ náà. Ihò èké tí mo yà ló fi ojú rẹ̀ pamọ́. Ìgbà tí igi kò ti jẹ̀bi mọ́, ó di dandan kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò jẹ̀bi.

Nígbà tí wọ́n ra èkejì, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, wọ́n wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá tún ilẹ̀kùn ṣe. Èmi nìkan ni mo wà ní pálọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú igi, mo fọwọ́ kan pílíwúùdù ẹ̀yìn. Ó ti pọ́n, ó ti gbẹ gbinrin, ó ń rùn bí igi tí wọ́n gbé sẹ́bàá iná. Ayùn mi wà nínú àpò. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni. Ṣùgbọ́n Màmá á béèrè ohun tí mò ń gé. Àwọn mẹ́fà tí mo ti ya irú ihò ọ̀dà kan náà sí tiwọn á gbọ́.

Mojísọ́lá gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." N kò gbọ́ kó dìde. Nígbà tí mo bojú wò ó, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń sọ pé èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Mo máa ń rọra ṣí i ni, Bàbá. Mi ò kì í fi agbára ṣí i."

Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é, ọmọ mi." Mo jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn igi náà pa, mo sì wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́.

Èkejì lo oṣù márùn-ún, ó kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kó tó di ìgbà náà, oyún ti bàjẹ́ mọ́ Mojísọ́lá lára lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń sọ bí oyún kò bá dúró. Wọ́n á ní inú obìnrin náà gbóná. Màmá Tíṣà, tó fi gègé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún, wá ro èyí mọ́ ìyẹn. Ó ní ooru tó ń lé ọmọ jáde nínú rẹ̀, òun náà ló ń jó ẹ̀rọ. Ó ní kí obìnrin yìí tó wọlé, kò sí nǹkan tó ń bàjẹ́ nílé òun. Kò rántí pé kí obìnrin náà tó wọlé, kò sí fíríìjì nílé ọ̀hún.

Sámúẹ́lì ra ẹ̀kẹta, tòkunbọ̀ ni. Nígbà tó di oṣù kẹta tí wọ́n ti ń lò ó, Màmá ní kí ìjọ wá ṣe ìsìn ìtúsílẹ̀ sínú ilé náà. Wọ́n pe àwa alàgbà láti Ọ̀yọ́ mọ́ ọn. Èrò kún pálọ̀. Ibi tí mo rí dúró sí ni ẹ̀yìn igi mi gan-an, ìbàdí mi kàn án.

Nígbà tí àdúrà gbóná, ẹ̀mí gbé Wòlíì. Ó wá ní, "Mo rí ooru kan láàárín ilé yìí. Mo rí èémí tí wọ́n sé mọ́, tí kò rọ́nà jáde. Ẹni tó sé e mọ́ ń bẹ láàárín wa níbí, ó sì mọ̀."

Wòlíì kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí Mojísọ́lá. Màmá bú sẹ́kún, ó ń pe Jésù. Mojísọ́lá wo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé aṣọ rẹ̀ ya. Èmi ń gbọ́ kíkùn ẹ́ńjìnì náà lẹ́yìn pílíwúùdù. Ooru rẹ̀ ń gba inú aṣọ funfun mi wọlé sí mi ní ìbàdí.

Ẹ gbà mí gbọ́, Wòlíì kò purọ́. Ohun tó rí gan-an ló sọ. Àwọn tó gbọ́ ni kò mọ ibi tí wọn ì bá wò. Èmi tí mo mọ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀kẹta kú. Ó parí.

Sámúẹ́lì wà ní òkè Ọya nígbà tí Màmá ní kí ìyàwó kó ẹrù rẹ̀. Ìjọ ní a kò gbọ́dọ̀ lé e bí ajá, pé kí alàgbà mẹ́ta mú un lọ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní kí n wà nínú wọn, pé mo mọ ilé náà dáadáa. Kí ni mo fẹ́ sọ pé ó dé tí n kò fi ní lọ? Mo lọ.

Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Ìrẹsà. Ó tẹ́ ẹní fún wa, kò bá wa jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀." Mojísọ́lá lọ bu omi fún wa nínú àmù. Ó gbé ti èmi fún mi, ó kúnlẹ̀, kò dìde.

"Bàbá, ṣé ó tutù?"

"Ó tutù, ọmọ mi."

"Ṣé ó tutù lóòótọ́ ni, Bàbá?"

Àwọn alàgbà méjì yòókù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kan igi yẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan kan tẹ́ ẹ rí níbẹ̀?"

Bàbá rẹ̀ ń wò mí. Ọlọ́run ń wò mí. Mo ní, "Ọmọ mi, n kò rí nǹkan kan."

Ó wá ní, "A jẹ́ pé èmi náà ni." Ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, n kò sùn dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé n kò ṣe nǹkan kan. Mo lọ sí ilé àwọn mẹ́fà tí mo ṣe tiwọn ní Ọ̀yọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní àṣà tuntun dé, pé mo fẹ́ fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Mo la ihò gidi sí gbogbo rẹ̀, kí fíríìjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà sínú rẹ̀ tó jóná. Títí di òní, fíríìjì wọn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń yìn mí. Mo gba fíríìjì mẹ́fà là, mo fi ọmọ ọlọ́mọ kan sílẹ̀ sínú ooru.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Sámúẹ́lì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi bó ṣe ń ti òkè Ọya bọ̀. Ó fún mi ní àṣírí kan. Ó ní òun kò tíì fi ìyàwó òun sílẹ̀, pé bí òun bá ti kọjá, òun máa ń yọ́ lọ sí Ìrẹsà. Ó ní Mojísọ́lá ti lóyún, ó ti wọ oṣù kẹrin. Inú Sámúẹ́lì ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ní Mojísọ́lá gbà tọkàntọkàn pé ooru wà lára òun. Ó ní kì í gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, kí ooru má bàa ràn án. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣùoṣù ló máa ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kò ní jẹun, kò ní fẹnu kan omi, kí ooru náà lè kú. Ó ní nítorí oyún yìí, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọlọ́jọ́ méje ni òun máa gbà ní oṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ méje láìmu omi. Pẹ̀lú oyún.

Sámúẹ́lì kúnlẹ̀ sínú fúlùfúlù igi. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa gbàdúrà kí ara ẹ̀ tutù." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ya ìwé yìí. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà. Mo ní kí Ọlọ́run mú ooru kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Ó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo mú ayùn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Mo bá Màmá Tíṣà ní pálọ̀. Ó ti ra ẹ̀kẹrin, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó ṣí i fún mi, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé.

Ó ní, "Káfíńtà, ẹ ò rí i? Àtìgbà tọ́mọ yẹn ti lọ, ara ilé ti tutù. Ẹ fọwọ́ kan omi yìí wò." Ó ní òun ti rí ọmọ mìíràn fún Sámúẹ́lì, ọmọ tó ní ọwọ́ tútù.

Mo fọwọ́ kan igi náà. Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ ṣe nǹkan díẹ̀ sẹ́yìn igi yìí."

Ó ní, "Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Kò sí." Mo mu omi tútù tó fún mi. Mo gbé ayùn mi padà sílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ mọ́. Mo ti ń rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ fún Sámúẹ́lì, á nà mí, mo sì gbà kó nà mí. Bí mo bá sọ ọ́ fún Màmá, obìnrin arúgbó náà á wá mọ̀ pé ọmọ tí kò ṣẹ̀ ni òun lé jáde, n kò sì mọ̀ bóyá ó máa gbà á. Bí mo bá sọ ọ́ níwájú ìjọ, wọ́n á gba aṣọ alàgbà lára mi, ìyàwó mi á sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́jà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èyí kò sì ní ogún ọdún níwájú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ta ni kí n kọ́kọ́ bá? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí n kàn lọ sí Ìrẹsà. Màá lọ. Mo ti mú ọjọ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹnu mi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já mi kulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, n kò lè sẹ́ ẹ mọ́ bí mo bá dé iwájú bàbá rẹ̀. Ìdí kejì ni pé ojú ìwé yìí kan náà ni mo rí ní ilé wọn lọ́jọ́ tí a mú un lọ. Bàbá rẹ̀ ní kí ọmọ òun tó wọlé ọkọ, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í kà á sí òun létí, pé yóò tún máa kà á báyìí.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi, mo pè ọ́ ní Mojísọ́lá, o sì mọ̀ pé ìwọ ni mò ń bá wí. Nígbà tí o bi mí léèrè, irọ́ ni mo pa. Mo rí nǹkan. Kò sí ihò lẹ́yìn igi yẹn. Ọ̀dà ni. Fíríìjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo pa wọ́n. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. N kò mọ ìdí tí oyún rẹ fi bàjẹ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n ooru tí wọ́n fi dá ọ lẹ́jọ́, inú pílíwúùdù mi ló ti wá. Bí o kò bá dárí jì mí láéláé, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ tí ààwẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, má ṣe kà á parí kí o tó dìde. Jọ̀ọ́, mu omi.